Àwo tí kò lórúkọ nídìí kì í ṣe ayédèrú

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà tí ẹnìkan kọ sí yín pé àwo àti ife onígíláàsì àtijọ́ tí ò bá ti ní òǹtẹ̀ nídìí, ayédèrú ni, ká yáa tà á fún àwọn tó ń ra ẹrù àlòkù kiri, òun ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọ̀pọ̀ ìyá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ló ṣòwò dé Kùmásí, àwọn àwo yìí sì wà nínú ẹrù tí wọ́n dì bọ̀wálé nígbà tí ìjọba Busia ní kí àjèjì tí ò níwèé kúrò ní Gánà ní 1969. Ìyá tó bí bàbá mi wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n kú tá a pín ẹrù, àwọn ẹ̀gbọ́n mi kó òfì àti ìlẹ̀kẹ̀, èmi kó ohun tó wà nínú ṣokéèsì, wọ́n wá ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ìgò ni mo jogún. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ.

Àwo kòtò kan wà níbẹ̀ tí etí ẹ̀ lọ kọ́lọkọ̀lọ, àwọ̀ ọsàn ni, àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e sóòrùn, búlúù, pọ́pù àti góòlù á máa yí lára ẹ̀ bí ìgbà tí bẹntiróòlù bá dà sómi òjò. Nídìí ẹ̀, òfo. Carnival glass ni wọ́n ń pè é, èròjà irin ni wọ́n máa ń fọ́n sí i lára nígbà tó bá ṣì gbóná. Ilé iṣẹ́ Fenton ní West Virginia, l'Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é ní nǹkan bíi 1907 sí 1908, 1970 ni wọ́n sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ wọn sára ẹ̀! Àwọn míì, bíi àwọn tó ń ṣe gíláàsì ní Murano ní Ítálì, bébà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọjà wọn, bébà wo ló fẹ́ ṣẹ́kù lára àwo tí ìyá wa ń fi kànìnkànìn fọ̀ ní gbogbo ọdún Kérésì?

Mi ò ní kẹ́ ẹ sáré pè é ní Fenton o. Sowerby ní Gateshead nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú ẹ̀, wọ́n ṣe é ní Jámánì náà, torí náà iṣẹ́ ọnà ara ẹ̀ lẹ máa wò, bóyá èso àjàrà ni àbí ẹyẹ ọ̀kín, kẹ́ ẹ fi wé àwòrán inú ìwé ọjà àwọn ilé iṣẹ́ yẹn, ó pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo inú àwo náà, torí Northwood, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà míì, máa ń tẹ lẹ́tà N sáàárín róbótó, nígbà míì inú àwo gan-an ló wà.

Ìdí àwo tó ti pẹ́ tún máa ń há, àwọn ìlà tíntìntín tó kọjú síbi gbogbo. Tí gbogbo ìlà yẹn bá kọjú síbì kan náà, ẹ fura, ẹnìkan ti fi sáńpépà ha á.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti àwo aláwọ̀ ewé kékeré kan. Ọmọ àbúrò mi tó ń ṣe POS tan tọ́ọ̀ṣì tó fi ń mọ owó fẹ́ẹ̀kì sí i lálẹ́, ariwo ló pa, àwo náà ń tàn yòò! Uranium, irin kan tó máa ń tú ìtànṣán jáde, ni wọ́n pò mọ́ ọn láyé àtijọ́ kó lè ní àwọ̀ yẹn. Gbígbé e sílé ò ṣe nǹkan kan, ẹ ṣáà má fi jẹun. (Tó bá jẹ́ pé fẹ́ẹ́rẹ́ ló tàn, ó lè jẹ́ èròjà míì tí wọ́n ń pè ní manganese lásán.)

Ẹni tó wá bá mi rà á ní torí kò lórúkọ, owó kóńgò ìrẹsì kan lòun máa san lórí gbogbo ẹ̀. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa láyè díẹ̀ nínú ìwé yín ká máa fi àwòrán irú ẹrù yìí ránṣẹ́, torí àwọn àgbà tó tà á ní Kùmásí ṣì wà láyé, wọ́n á dá a mọ̀. Ẹni tí ìyá tiẹ̀ bá ṣì wà, kó bi wọ́n ní ibi tí wọ́n ti rà á àti ọdún wo, kó kọ ọ́ sí bébà, kó sì jù ú sínú àwo náà. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn o, á ṣí góòlù ara ẹ̀ kúrò.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ògbómọ̀ṣọ́