Ẹ má fi ohun tí a rà lójú fèrèsé ọkọ̀ ṣèdájọ́ oúnjẹ ọ̀nà Ṣábẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Mo ka lẹ́tà tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí, nínú èyí tí arìnrìn-àjò kan ti sọ pé láti Kútọnu títí dé Pàràkú, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa níbí, òun kò rí oúnjẹ kan tó ṣeé rántí, àfi búrẹ́dì, ẹyin sísè àti omi inú ọ̀rá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé ọmọ Ṣábẹ̀, ìlú kan lójú ọ̀nà náà, ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ sì ti mú mi rin ọ̀nà yẹn láti ìgbà èwe mi títí mo fi fẹ̀yìn tì. N kò bá a jiyàn pé ohun tó jẹ nìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Oúnjẹ tó ṣeé rántí lójú ọ̀nà wa kì í sáré tẹ̀lé ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ ni yóò lọ bá a níbi tí wọ́n ti ń sè é, ní àkókò tó jẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀nà náà lé ní 400 kìlómítà, oúnjẹ sì ń yí padà bí ilẹ̀ ti ń yí padà. Ní Àlàdá, òkìtì òkìtì ni ọ̀pẹ̀ òyìnbó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Irú tiwọn kì í pọ́n lára. Ó lè gbó títí kí ara rẹ̀ ṣì tutù bí ewé, àlejò á wò ó, á rò pé kò tíì tó jẹ, á sì kọjá lọ. Ẹni tó bá ní kí wọ́n bó ọ̀kan fún òun á rí i pé inú rẹ̀ funfun, omi rẹ̀ á ṣàn dé ìgúnpá, kò sì ní kan án lẹ́nu. Lọ́dún 2021 ni àjọ OAPI, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ lórí orúkọ ọjà àti iṣẹ́ ọpọlọ ní orílẹ̀-èdè 17 nílẹ̀ Áfíríkà, fi orúkọ ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà sílẹ̀ pé ti ilẹ̀ Àlàdá ni, kí ẹlòmíràn má baà máa fi orúkọ ibẹ̀ ta èyí tí kò ti ibẹ̀ wá. Mo ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ yìí. Kúlíkúlí Agọnlín tí wọ́n ń gbé wá tà ní Bòhíkọ̀n kò gba àlàyé púpọ̀: ẹni tó bá ti rún un sínú gàrí tí a fi omi tútù rẹ lọ́sàn-án gangan ti mọ ohun tí mò ń wí.

Bí òkúta ńláńlá bá ti ń yọrí ní Ìdáàṣà, ilẹ̀ iṣu la dé yẹn. Láti oṣù keje ni làbókò tuntun ti ń jáde, iṣu tí àwọn olóńjẹ ibẹ̀ gbà pé kò sí irú rẹ̀ fún iyán. Ẹni tó bá jókòó sí ìsọ̀ oníyán nílùú Ṣábẹ̀ á ti gbọ́ ohùn odó kí ó tó fojú kan oúnjẹ. Obìnrin méjì tàbí mẹ́ta ló máa ń dúró ti odó kan ṣoṣo, ọmọ odó kan ń lọ sókè, èkejì ń bọ̀ nílẹ̀, wọn kì í sì í kọlu ara wọn. Wọn á wọ́n omi gbígbóná díẹ̀ sí i, wọn á yí i, wọn á tún gún un títí kò fi ní kókó kankan mọ́. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni wọ́n ń bù sí i jù lọ, ẹ̀pà tí wọ́n yan, tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n sì sè títí òróró rẹ̀ fi léfòó. Àwọn ará wa tó ti Nàìjíríà wá máa ń béèrè ẹ̀gúsí, ó sì wà. Ṣùgbọ́n mo máa ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọbẹ̀ ẹ̀pà wò, pàápàá bí wàgàsì, ìyẹn wàrà màlúù tí a mú dì, bá wà nínú rẹ̀.

Olóòtú, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí wàgàsì yìí. Ọwọ́ àwọn ìyá Fúlàní tí abà wọn wà káàkiri ẹ̀yìn ìlú wa ló ti ń wá. Mo ti jókòó ti ọ̀kan nínú wọn láàárọ̀ nígbà tó ń ṣe é. Ó gbé wàrà màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún kaná, iná tí kò le. Ó gún ewé àti ọ̀pá bọ̀mùbọ̀mù, ó fi wàrà díẹ̀ pò ó, ó sì sẹ́ ẹ sínú ìkòkò. Kò pẹ́ tí wàrà náà fi ń dì, tó ń kóra jọ bí ìkúukùu ṣe ń kóra jọ lójú ọ̀run, tí omi rẹ̀ sì ń ya sọ́tọ̀. Ó dà á sínú agbọ̀n kékeré kí omi lè ro dànù. Nígbà tó yí agbọ̀n náà dé, wàgàsì funfun rọ̀bọ̀tọ̀ ló jáde. Ó wí fún mi pé, “Bàbá, bí ewé bá pọ̀ jù, á korò, bí kò bá sì tó, kò ní dì.” Ojú ló fi ń wọn ewé náà, ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ. Èyí tó pupa tí ẹ ń rí lọ́jà, inú omi tí wọ́n fi èèpo pòròpórò ọkà bàbà sè ni wọ́n ti sè é tó fi ní àwọ̀ yẹn.

Iná kì í yọ́ wàgàsì. Bí a bá dín in, ara rẹ̀ á le díẹ̀, inú rẹ̀ á sì rọ̀. Bí a bá sọ ọ́ sínú ọbẹ̀, á fa ọbẹ̀ mu láìfọ́. Mo ti jẹ ẹ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti ní Kútọnu, n kò sì sọ pé kò dára níbẹ̀, àmọ́ kí ó tó dé ọ̀hún, wọn á ti sè é ní àsètúnsè, wọn á ti sá a sóòrùn kí ó má baà bàjẹ́, adùn wàrà á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀. Èyí tí a ṣe láàárọ̀ tí a sì jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà kò lè rìn jìnnà sí ibi tí màlúù ti ń jẹko. Ìgbà òjò ló sì máa ń pọ̀, nígbà tí koríko bá yọ dáadáa.

Ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ wa kọjá nígbà ọyẹ́ kò ní bá làbókò tuntun pàdé, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni àmàlà. Iṣu kókóró ni wọ́n ń lò: wọn á bó o, wọn á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná tí wọn kò jẹ́ kó hó, wọn á fi sílẹ̀ sínú omi náà di ọjọ́ kejì, wọn á wá sá a sórí àpáta títí tí yóò fi gbẹ ganrangbọn. Àpáta kò wọ́n wa ní Ṣábẹ̀.

Kí ló wá dé tí arìnrìn-àjò kò fi rí gbogbo èyí? Àwọn ọkọ̀ ńlá kì í dúró pẹ́. Ibi tí awakọ̀ bá fẹ́ ni wọ́n ń dúró sí, wọn a sì máa fun fèrè kí èèyàn tó fọwọ́ tán, nítorí náà ohun tí a lè nà wọlé lójú fèrèsé nìkan ló ń tà. A kò lè na iyán wọlé lójú fèrèsé. Mo bẹ àwọn olówó ọkọ̀ pé kí wọ́n ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sàn-án ní Ìdáàṣà tàbí ní Ṣábẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún èrò kí ọkọ̀ tó gbéra. Mo sì bẹ àwọn aláṣẹ ìlú wa pé kí wọ́n ṣe ibòji àti ẹ̀rọ omi fún àwọn ìyá oníyán, tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ oòrùn, tí wọ́n sì ń ra omi tí wọ́n fi ń fọ abọ́.

Ní ti orúkọ, ohun tí wọ́n ṣe fún ọ̀pẹ̀ òyìnbó Àlàdá ni mo fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ìyá Fúlàní wa para pọ̀ béèrè fún, kí a lè máa rí làbókò àti wàgàsì tó ń jẹ́ ti Ṣábẹ̀ lọ́jà. Ìwé ìròyìn yín lè ràn wá lọ́wọ́ bí ẹ bá ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ tí àwọn òǹkàwé láti Kétu, Ìpóbẹ̀, Àjàṣẹ́ àti ibòmíràn yóò ti máa kọ oúnjẹ ìlú wọn, bí wọ́n ṣe ń sè é àti ìgbà tó ń dé.

Bí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn bá tún ń bọ̀, kí ó wá ní oṣù kẹjọ. Bó bá jẹ́ ọjọ́rú, ó lè kọ́kọ́ yà sí ọjà Glazoué, láàárín Ìdáàṣà àti Ṣábẹ̀, kí ó rí bí iṣu ti pọ̀ tó, ṣùgbọ́n kí ó dé Ṣábẹ̀ kí agogo méjìlá ọ̀sán tó lù, nítorí pé bí agogo méjì bá ti kọjá, iyán ti tán.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì,
Ṣábẹ̀, Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀.