Ẹni tó ní ká rúbọ, kí ni tirẹ̀ nínú ẹbọ náà?

Sí Olóòtú,

Inú ló bí mi tí mo fi mú bírò. Ní Sátidé tó kọjá, olóṣèlú kan wá bá àwa aránṣọ ní ìpàdé wa nítòsí Tákié, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọ̀rọ̀ iná tí kì í dúró àti owó tí wọ́n ń gbà lórí ìsọ̀ la fẹ́ bá a sọ. Kò jẹ́ ká sọ ọ́. Ó ní ká fara dà á, pé kò sí orílẹ̀-èdè tó dàgbà láìrúbọ. Nígbà tí ẹnì kan béèrè pé bí wọ́n bá jí ìbò gbé ńkọ́, ó nawọ́ sókè, ó ní bó bá di ogun, a ó jà á. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọṣẹ́ wa tí wọn kò tíì pé ogún ọdún ló pàtẹ́wọ́ jù.

Bó bá jẹ́ ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni, èmi náà ì bá pàtẹ́wọ́. Ìwé kíkà ni kò jẹ́ kí n lè ṣe é mọ́. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, oníbàárà mi, ló fi ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ sílẹ̀ fún mi ní ìsọ̀, pé kí n máa kà á nígbà tí kò bá sí iná. Ọ̀yọ́ tí kò jìnnà sí wa yìí ni àlùfáà náà wà nígbà tó parí ìwé yìí ní 1897. Kò jáde títí di 1921, ọmọ aráyé ti sin ín ní ogún ọdún.

Mo kà nípa ogun Ìjàyè níbẹ̀, oorun sì dá lójú mi. Ọ̀rọ̀ oyè ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Aláàfin Àtìbà wàjà ní 1859, wọ́n fi Adélù ọmọ rẹ̀ jọba, Kúrunmí, olórí Ìjàyè, ní òun kò gbà, pé bí ọba bá wàjà, àrẹ̀mọ a máa bá a lọ ni. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ì bá jókòó tì! Ní 1862, Ìjàyè ti di ahoro, ebi sì ti pa èèyàn kú nínú odi kí ọ̀tá tó wọlé. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ oríkì àwọn jagunjagun. Kò sí ebi nínú oríkì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ti Kúrunmí bó ṣe rí: àwọn ọmọ bíbí inú rẹ̀ wà lójú ogun, wọ́n sì kú síbẹ̀. Ọmọ olóṣèlú tó wá bá wa ní Sátidé ńkọ́? Òun fúnra rẹ̀ ló fi ń yangàn pé òkè òkun ni wọ́n wà.

Lẹ́yìn náà ni mo wá àwọn ìwé tó sọ nípa ogun Biafra. Mo rí i níbẹ̀ pé ọ̀rọ̀ "bí wọ́n bá jí ìbò, a ó jà" kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ìbò oṣù Kẹwàá 1965 ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ló dá wetie sílẹ̀, tí wọ́n ń bu epo sí ilé àti èèyàn lára tí wọ́n ń dáná sun wọ́n. Bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ológun dìtẹ̀ gbàjọba ní 15 oṣù Kìíní 1966. Wọ́n pa Olóyè Akíntọ́lá, olórí ìjọba ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ wa, ní Ìbàdàn lóru ọjọ́ náà. Ọdún kan ààbọ̀ sí i, ogun dé. Oṣù 30 ló gbà. Wọ́n fojú bù ú pé àwọn tó kú níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, ebi ló pa èyí tó pọ̀ jù, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Nílé-ìwé, orúkọ Ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé, Àkekèé Dúdú, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá sójà ìjọba nínú ogun náà, tí ìdílé rẹ̀ ti ìlú yìí wá, ni a fi ń ṣe fọ́ńté. Nígbà tí mo pa ìwé dé, mo bi ara mi léèrè pé nínú àwọn kọ́rọ́fo tó kú sí ogun yẹn, orúkọ mélòó ni mo mọ̀? Ẹyọ kan ṣoṣo: ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ìyá bàbá mi kò rí òkú rẹ̀, nítorí náà ó ń bu oúnjẹ rẹ̀ sọ́tọ̀ lálaalẹ́ títí òun náà fi kú. Àwa ọmọdé la máa ń jẹ ẹ́ láàárọ̀. A kò mọ ohun tí à ń jẹ. Ní ti owó ẹ̀tọ́ rẹ̀, wọ́n ní ká mú ìwé wá, a mú un wá. Wọ́n ní ìwé mìíràn ló kù, títí ó fi sú bàbá mi.

Ẹni tí Ifá bá yan ẹbọ fún ló ń wá ewúrẹ́. Àwọn aláṣẹ wa ti yí i padà. Àwọn ló ń yan ẹbọ, àwa là ń wá ewúrẹ́, àwọn náà ló tún ń jẹ ẹran. Lọ́dọọdún, ní 15 oṣù Kìíní, wọ́n á gbé òdòdó lélẹ̀, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ogun tó kú. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, àwọn opó á padà sídìí ìwé tó kù. Mo tún bi wọ́n: ẹni tó ní ká rúbọ, kí ni tirẹ̀ nínú ẹbọ náà?

Kí wọ́n san ẹ̀tọ́ àwọn opó. Kí wọ́n wá tíṣà ìtàn sí ilé-ìwé gbogbo, nítorí pé wọ́n ti fìgbà kan yọ iṣẹ́ náà kúrò fún àwọn ọmọ kéékèèké, ọjọ́ orí àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ ní Sátidé sì bá a mu.

Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ mí lógún jù ni rédíò. Mo fẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò wa máa ka ìwé ogun sétí aráàlú ní èdè Yorùbá, ìdajì wákàtí lálẹ́ Sátidé, nígbà tí gbogbo ìsọ̀ ṣì ń ránṣọ tí rédíò sì ń ké. Kí wọ́n má fi ti akọni nìkan ṣe é. Kí wọ́n ka ojú ewé tí ebi wà, ojú ewé tí ìyá ti ń wá ọmọ. Kí àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì máa kà á, nítorí ohùn wọn kò tíì rẹ̀. Kí wọ́n pe àwọn sójà àtijọ́ tó kù ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́ wá, kí wọ́n sọ tẹnu wọn kí wọ́n tó kú tán. Bí àsìkò ìbò bá sì dé, kí olóṣèlú tó bá fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ lórí rédíò kọ́kọ́ ka ojú ewé kan nínú rẹ̀ sókè fúnra rẹ̀, kí gbogbo wa gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kó tó sọ ohun tó fẹ́ ṣe.

Bí ìwé bá ṣòro rí, tèmi wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Kí wọ́n wá gbà á.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan ní Tákié, Ògbómọ̀ṣọ́.