Bùnmi, ta ló yọ ìlà JWT nínú ètò mainframe wa?

Bùnmi Ẹlẹ́ja mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá ńkọ́? Mo rí fọ́tò àwọn ẹja àrọ̀ tó o fi ránṣẹ́, wọ́n ti sanra jù mí lọ. Òtútù Leeds ò tíì pa mí, Dáre ti wọ yunifásítì, mo ti bá ẹ san owó àjọ, ó tán. Ohun tí ò jẹ́ n sùn ni mo fẹ́ sọ.

Wọ́n ṣe IPL fún mainframe wa, kọ̀ǹpútà ńlá ibiṣẹ́, ìyẹn ni pé wọ́n pa á, wọ́n tún un tàn, ní Sunday kan báyìí. Àtọjọ́ Monday ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, kó o kàn dìde lọ po tíì, kó o tó dé TSO, ibi tá a ti ń bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ti lé ẹ jáde, kóòdù S522, pé o ti dákẹ́ jù. A kọ́kọ́ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, pé ẹ̀rọ náà ò fẹ́ ká jẹun. Àfi lóru ọjọ́ kan tí jọ́ọ̀bù owó oṣù ń dúró kí operator dá a lóhùn, operator ti lọ jẹun, jọ́ọ̀bù kú fin-ín fin-ín, owó ò wọlé fáwọn èèyàn lásìkò. Ẹ̀rín bá tán.

O ṣáà mọ̀ wọ́n, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo wọ PARMLIB lọ, níbi tí ètò ẹ̀rọ wà, mo ṣí member, ìyẹn fáìlì, tó ń jẹ́ SMFPRM00, ìlà JWT wa, tó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe máa fara da ẹni tàbí jọ́ọ̀bù tó dákẹ́ pẹ́ tó, tó jẹ́ wákàtí kan ti pòórá! Tí kò bá sì sí níbẹ̀, ìṣẹ́jú 10 péré ni ẹ̀rọ máa fún èèyàn. Mo dá a padà, mo tẹ T SMF=00 kí ẹ̀rọ tún un kà, ara tu gbogbo wa. Ọ̀gá ní òun fẹ́ orúkọ.

Ni mo bá wo ISPF stats, tó ń fi ID ẹni tó ṣàtúnṣe member kẹ́yìn hàn, àyà mi já, ID tìẹ ló wà níbẹ̀. Ìwọ tó o ti wà n'Íbàdàn látoṣù kẹta! Inú ọ̀gá dùn, ẹni tí ò sí nílé ló rọrùn láti di ẹ̀bi rù. Mo ní rárá o, tí wọ́n bá fi IEBCOPY, ètò tó ń ṣe ẹ̀dà, da member wá láti ibòmíì, ID ẹni tó ṣe é lọ́hùn-ún ló máa bá a wọlé. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé tape SMF jáde, àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe, mo fẹ́ wo type 15, òun ló ń kọ orúkọ jọ́ọ̀bù tó ṣí dataset, irú bíi PARMLIB, láti kọ nǹkan sí i. Ọjọ́ méjì ni mo fi wá a, ojú mi pọ́n bí ata.

Bùnmi, èmi ni. Jọ́ọ̀bù tèmi, lóṣù kejì, nígbà tá à ń palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́, mo da member náà wọ PARMLIB látinú library test ẹ, níbi tó o ti ń dán nǹkan wò. A ò ṣe IPL látìgbà yẹn, ló fi sùn síbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ̀.

Mi ò tíì sọ. Mo ṣì ń purọ́ pé mo ń ka tape. Bàbá Dáre ní kí n lọ jẹ́wọ́, ó rọrùn lẹ́nu ẹ̀.

Jọ̀ọ́, bá mi yẹ WhatsApp ẹ wò, oṣù kejì yẹn, fóònù mi àtijọ́ ti bọ́ sómi. Ṣé o sọ fún mi pé test ni, kí n má dà á wọlé, àbí o ò sọ? Tó o bá sọ ọ́, má torí ọ̀rẹ́ fi pa mọ́. Friday ni mo fẹ́ wọlé tọ ọ̀gá lọ.

Tí wọ́n bá lé mi, ṣé àyè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹja yẹn? Mo lè máa kà wọ́n láàárọ̀.

Ṣọlá ẹ ni