Lẹ́tà sí Àkànbí, ọmọ mi tó fẹ́ di ọdẹ ní Pennsylvania

Àkànbí ọmọ mi, àsàlámù aléékùn. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ìyàwó ńkọ́, ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà ní Ìṣẹ́yìn níbí, ẹsẹ̀ tó ń dùn mí ti fúyẹ́ díẹ̀, a dúpẹ́.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo tún un gbọ́ kó tó yé mi pé kì í ṣe àwàdà, pé o fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọdẹ lóòótọ́. Bàbá ọlọ́mọ! Mo rẹ́rìn-ín ṣá, àmọ́ inú mi dùn, torí látìgbà tí bàbá mi ti kú kò sẹ́ni tó mú ìbọn nínú ilé wa mọ́, ẹ̀gbọ́n mi tó yẹ kó gbà á lọ́wọ́ wọn wá lọ ń wa mọ́tò, èmi sì jẹ́ obìnrin, wọn ò mú mi wọgbó rí. Ohun tí mo mọ̀ nípa ọdẹ, ẹ̀yìnkùlé ni mo ti mọ̀ ọ́n, níbi tí wọ́n bá ti sọ ẹran kalẹ̀, tí mo ń bá wọn di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, tí bàbá mi á máa bó awọ tí wọ́n á sì máa ròyìn bó ṣe lọ.

O ní kò sẹ́ni tó máa kọ́ ẹ níbẹ̀, pé YouTube lo ń wò. Kò burú, àmọ́ ẹran tó ṣubú nìkan ni wọ́n ń fi hàn yín, wọ́n ti gé gbogbo wákàtí téèyàn fi jókòó tí ò rí eku dà nù. Èmi rí bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe tẹ̀ lé bàbá mi fúngbà díẹ̀. Àpò ló ń gbé, wọn ò fún un níbọn, ọ̀rọ̀ tó sì ń gbọ́ jù ni "dúró". Dúró, má tíì rìn. Dúró, má yìn ín, o ò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ọ̀gá wà fún, torí ìbọn yíyìn ò le, ọ̀sẹ̀ kan lèèyàn á fi mọ̀ ọ́n. Ní tìẹ, kò sẹ́ni tó máa dá ẹ dúró, ìwọ fúnra ẹ ni wàá máa ṣe é.

Kọ́kọ́ máa wọgbó láìmú ìbọn dání. Ilẹ̀ ìjọba tí wọ́n ń pè ní State Game Lands níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ éékà, má jẹ́ kó kó sí ẹ lórí, mú igun kékeré kan kí o mọ̀ ọ́n dénú. Wo ibi tí àgbọ̀nrín ti fi ìwo ha èèpo igi, wo ìgbẹ́ wọn bóyá ó ṣì tutù, wo abẹ́ igi oak nígbà tí èso ẹ̀ bá ń já torí wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, wo ọ̀nà tí ẹsẹ̀ wọn ti là. Kí o sì mọ afẹ́fẹ́. Bàbá mi máa ń bu eruku díẹ̀ fẹ́ kí wọ́n tó yà síbì kankan, tó bá ti ń gba ẹ̀yìn wọn bọ̀ wọ́n á yí gba ibòmíì, kódà kó jìn, torí kí ẹran tó rí ẹ ló ti gbóòórùn ẹ.

Àmọ́ gbọ́ o, gbogbo ìṣe bàbá àgbà ẹ kọ́ lo lè mú dé Amẹ́ríkà. Òru ni wọ́n ń ṣọdẹ jù, iná á wà níwájú orí, ojú ẹran á máa tàn nínú òkùnkùn, gbàù. Tóo bá dán ìyẹn wò sí àgbọ̀nrín níbẹ̀ wọ́n á mú ẹ, láti ààbọ̀ wákàtí kí oòrùn tó yọ dé ààbọ̀ wákàtí tó bá wọ̀ ni òfin gbà. Lọ ṣe kíláàsì ọdẹ tí wọ́n ní kí gbogbo ẹni tí ò gba láísẹ́nsì rí ṣe, má sì ṣe é bí ìdánwò téèyàn kàn fẹ́ pàsì. Lásìkò ráífù tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó tẹ̀ lé Thanksgiving, àjọ̀dún ìdúpẹ́ wọn, wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò yẹn, square inch 250 ni wọ́n ní kó pé ní orí, àyà àti ẹ̀yìn, jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Má yìnbọn láàárín yáàdì 150 sí ilé tẹ́nì kan ń gbé láìgbàyè lọ́wọ́ wọn. Nílé níbí, oríṣiríṣi ọdẹ ló ti yìnbọn sí ọdẹ ẹgbẹ́ ẹ̀ torí ewé mì, ó rò pé ẹran ni. Ewé tó mì kì í ṣe ẹran. Àfi tóo bá rí gbogbo ara ẹ̀, tóo sì rí ilẹ̀ tí ọta máa wọ̀ tó bá gba ara ẹ̀ kọjá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìka ò gbọdọ̀ kan tírígà. Àwọn igi tí wọ́n ń gùn jókòó lé yẹn náà, so bẹ́líìtì mọ́ra látìgbà tí ẹsẹ̀ bá ti kúrò nílẹ̀ títí wàá fi sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ̀yìn apá iwájú ni kí o yìn ín sí, ibẹ̀ ni ẹ̀dọ̀fóró àtọkàn wà. Sọ bísímílà kí o tó yìn, tóo bá sì bá a láàyè, dú u. (Bàbá mi ń kírun, wọ́n sì ń bọ Ògún, èmi ò dá wọn lẹ́jọ́.) Tó bá sá lọ, jókòó. Má sáré lé e. Bàbá mi á wo ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀: tó bá pọ́n fòò tó ń hó, ẹ̀dọ̀fóró ni, kò ní jìn, tó bá dúdú tó ń rùn bí ìgbẹ́, tí nǹkan aláwọ̀ ewé dà pọ̀ mọ́ ọn, ikùn ló bà, ẹ máa lọ jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí, torí tí ẹ bá lé e yóò tún dìde, ẹ ò ní rí i mọ́, ẹran á sì jìyà kú lásán. Ìyẹn máa ń ba inú bàbá mi jẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹran ni mo mọ̀ jù. Kí o tó gbé e níbẹ̀, kọ ìwé tag, ìwé kékeré tó ń fi hàn pé ìwọ lo pa á, kí o so ó mọ́ etí ẹ̀, kí o sì ròyìn ẹ̀ fún ìjọba kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Yọ ìfun ẹ̀ kíákíá, jẹ́ kí ara ẹ̀ tutù, má jẹ́ kí omi ikùn dà sí itan. Mo mọ̀ pé orí lo fẹ́ràn, àmọ́ àrùn kan ń ṣe àgbọ̀nrín níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CWD, látọdún 2012 ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Pennsylvania, inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń jókòó sí jù, torí náà má se ọpọlọ, fi orí sílẹ̀ fún ìjọba kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n bá ní ó ní i, da gbogbo ẹ̀ nù. O ò sì gbọdọ̀ tà á, kì í ṣe títì márosẹ̀ tí wọ́n ń na ọ̀yà sí mọ́tò. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó ro ìyà, tó bá pẹran kò ní fẹ́nì kan jẹ, síbẹ̀ kò sígbà tí bàbá mi ò fi itan kan ránṣẹ́ sílé àdúgbò. Bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò ẹ, òyìnbó tó bá jẹ ẹran ẹ, òun náà lè sọ fún ẹ pé òun mọ bàbá arúgbó kan tó ń ṣọdẹ tó lè kọ́ ẹ. Tóo bá sì rí irú bàbá bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń dán ìbọn wò, kí i dáadáa, sọ fún un pé wàá bá a wọ́ ẹran jáde nínú igbó. Àgbà ò kọ ẹni tó bá gbẹ́rù.

Sọ fún ìyàwó ẹ igun tóo ń lọ àti ìgbà tóo máa dé, torí nẹ́tíwọ̀kì lè má sí. Nílé, ìbọn nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, ọta níbòmíì, kọ́kọ́rọ́ ò sì gbọdọ̀ wà níbi tí ọmọ yẹn lè rí i, mo mọ bó ṣe ń tú nǹkan.

Tóo bá gba láísẹ́nsì, ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ fi han ẹ̀gbọ́n mi tó ń fi ẹ́ rẹ́rìn-ín. Owó òògùn ẹsẹ̀ ti dé, Ọlọ́run á fi kún un.

Èmi ni,
Ìyá ẹ