Ṣadé, Owó Ta Ni?

Ṣadé ọmọ mi,

Mo ti pè ẹ́ títí, o ò gbé e. Kì í ṣe owó tó ò fi ránṣẹ́ lóṣù yìí ló ń dùn mí o, pẹ́ńṣàn mi ti wọlé, a ń jẹun. Ohun tí ìyá Kẹ́hìndé sọ fún màmá ẹ l'Ọ́jà Ọba ni ò jẹ́ n sùn. Ó ní òun rí i lórí WhatsApp status ẹ pé o ń pe àwọn èèyàn kí wọ́n wá kówó sínú áàpù kan tó ń sọ owó di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan, pé àwọn obìnrin ẹgbẹ́ yín ní Ìkòròdú ti ń kówó fún ẹ. Màmá ẹ ní irọ́ ni. Èmi ò tíì sọ pé òótọ́ ni. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, owó ta ni?

Torí tó bá jẹ́ tìẹ nìkan, tó bá lọ, a máa sunkún, a máa nujú. Owó olówó ni kì í jẹ́ kéèyàn dìde.

Ṣé o rántí 2008? O ti ń múra JAMB nígbà yẹn. Ọ̀rọ̀ ṣíà, ìyẹn ìpín téèyàn ń rà nínú ilé iṣẹ́, ni gbogbo àwa tíṣà ń sọ. Báńkì fúnra wọn ló ń yá èèyàn lówó kó fi ra ṣíà, ṣíà náà ni wọ́n á sì fi dúró fún gbèsè ọ̀hún. Bí owó yíyá ṣe ń wọlé ni iye ṣíà ń lọ sókè, bó sì ṣe ń lọ sókè ni wọ́n tún ń yá sí i. Ní March 2008 ìdíwọ̀n ọjà ṣíà wa ju 66,000 lọ, nígbà tó máa fi di March 2009 ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 20,000. Báńkì ń béèrè owó wọn, gbogbo èèyàn fẹ́ tà lẹ́ẹ̀kan náà, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà. August 2009, Sanusi tó jẹ́ gómìnà báńkì àpapọ̀ lé ọ̀gá báńkì 5 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ní 2010 ìjọba dá AMCON sílẹ̀ kó máa ra gbèsè tí ò ṣeé gbà mọ́ lọ́wọ́ àwọn báńkì. Wọ́n gba báńkì sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí àwa tíṣà.

 

Ohun kan náà ló ṣe Amẹ́ríkà ní 1929, ẹlòmíì á mú dọ́là 10 lápò ara ẹ̀, á yá 90, á fi ra ṣíà 100. Lehman Brothers, báńkì Amẹ́ríkà tó wó ní September 2008 náà, dọ́là 1 tó bá jẹ́ tiwọn, dúkìá tí wọ́n kó jọ lé e lórí tó nǹkan bíi 30, gbèsè ló pọ̀ jù níbẹ̀, tọ́jà bá wá fi díẹ̀ rẹlẹ̀ báyìí, tiwọn ti tán nìyẹn. Ìgbà tí gbogbo ayé ń jèrè ló yẹ kéèyàn ti béèrè owó ta ni, àmọ́ ìgbà yẹn gan-an ni kì í sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́.

Àṣàkẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún ẹ rí. Ọdún tó o fi jókòó sílé tó ò lọ Ifẹ̀, tí mo ní ìjọba ò sanwó oṣù, ìjọba san. Gbèsè ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni wọ́n ń yọ níbẹ̀ kó tó dọ́wọ́ mi. Mo yá a, mo fi ra ṣíà báńkì kan. Nígbà tí tèmi ò tó san án, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó oṣù àwọn tó dúró fún mi. Ọ̀kan nínú wọn ò kí mi mọ́ títí tó fi kú. Ìwọ sì ń bá mi bínú sí ìjọba.

Ṣíà tiẹ̀ sàn, ilé iṣẹ́ wà nídìí ẹ̀. Kí ló wà nídìí áàpù yẹn? Owó ẹni ẹ̀yìn ni wọ́n ń san fún ẹni iwájú, bí ẹni ń bu omi ìkòkò kan sí òmíì tó ní omi ń pọ̀. MMM tí Mavrodi ará Rọ́ṣíà dá sílẹ̀ ṣèlérí 30% lóṣù, December 2016 wọ́n ti owó èèyàn pa nígbà tí Kérésì ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ MMM ọ̀gbẹ́ni yìí kan náà ti wó ní Rọ́ṣíà ní 1994. CBEX, áàpù irú ẹ̀ míì tó wó ní April 2025, ṣebí Ìbàdàn ò jìnnà sí wa, àwọn èèyàn já wọ ọ́fíìsì wọn, wọ́n ń kó àga. Ọmọ tó kàwé bíi tìẹ! NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó téèyàn fi sí báńkì, máa san tó ₦5 mílíọ̀nù fún ẹni tí báńkì ẹ̀ bá kógbá sílé, àmọ́ báńkì tó ní láísẹ́ǹsì ni o. Òfin tuntun tí Tinubu fọwọ́ sí ní March 2025 sì lè sọ ẹni tó ń pèèyàn sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sẹ́wọ̀n 10 ọdún. Ìwọ lo gbé e sórí status, ẹnu ẹ ni wọ́n gbọ́.

Pa status yẹn rẹ́ lónìí. Lọ wò ó lọ́dọ̀ SEC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ọjà ṣíà àti ìdókòwò, bóyá wọ́n mọ orúkọ áàpù náà. Tó bá ṣì ń jẹ́ kéèyàn yọwó, yọ ọ́ báyìí, má dúró de èlé kankan, kó o sì dá owó àwọn obìnrin yẹn padà fún wọn. Tí kò bá yọ mọ́, má sá fún wọn, má sì lọ yá owó lórí fóònù láti fi dí i, mo bẹ̀ ẹ́ lọ́lọ́run. Ilẹ̀ mi ọ̀nà Ìlobùú ṣì wà níbẹ̀, mi ò fẹ́ tà á, àmọ́ mo lè tà á.

Wá sílé lọ́jọ́ Sátidé. Kọ orúkọ wọn sínú ìwé, iye tẹ́nì kọ̀ọ̀kan mú wá, àti iye tí ìwọ náà yá, má dín kọ́bọ̀ kù nínú ẹ̀.

Bàbá ẹ
Òṣogbo