Sí ọmọ mi, nípa ìwé tí à ń fetí kà

Kàbà,
Ìpínlẹ̀ Kogi.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Ṣé ara le? Ìyá àgbà ń kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú kò kúrò lọ́kàn mi. O ní láti ìgbà tí o ti dé Lọ́kọ́ja, o kò ka ìwé kankan mọ́ àfi ti ìdánwò, pé owó ìwé kò sí, àyè kò sì sí. Ìwọ ọmọ tí mo máa ń já ìwé gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó lè jẹun!

O mọ̀ pé ojú mi kò gbé ìwé mọ́ lálẹ́. Lásìkò kajú tó kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ gbé ìwé kan sórí fóònù mi, ó ní kí n máa gbọ́ ọ. Mo jókòó sábẹ́ igi, agbọ̀n méjì wà níwájú mi, mò ń yí kóró kúrò lára èso, omi kajú ń ṣàn dé ìgúnpá mi. Ìtàn Olaudah Equiano ni, ọkùnrin tí wọ́n jí gbé tà lẹ́rú láti kékeré, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ jáde ní 1789. Nígbà tí ó dé ibi tí wọ́n ti ya òun àti arábìnrin rẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n jí àwọn méjèèjì gbé, ọwọ́ mi dúró gbagidi. Mo sunkún, ọmọ mi.

LibriVox ni orúkọ ìkànnì tí o máa wá a sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Hugh McGuire ló dá a sílẹ̀ ní Kánádà ní 2005. Àwọn tó ń kàwé níbẹ̀ kò gba kọ́bọ̀. Kálukú jókòó sílé rẹ̀, ó ka orí kan tàbí odindi ìwé, wọ́n á sì gbé e síbi tí gbogbo ayé ti lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe olè. Ìwé àtijọ́ tí ẹ̀tọ́ àdákọ rẹ̀ ti tán lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń kà. Ti àwọn òǹkọ̀wé wa tó ṣì ń kọ lónìí, má wá a débẹ̀. Bí o bá sì rí i lọ́fẹ̀ẹ́ níbòmíràn láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín ló yọ̀ǹda, fi í sílẹ̀. Oúnjẹ ẹnìkan ni.

Ní ti dátà, orí kọ̀ọ̀kan dá dúró. Mú èyí tó fúyẹ́, tí wọ́n kọ 64kbps sí. Wákàtí kan kò tó 30MB. Tí o bá ti gbà á sílẹ̀, o lè máa gbọ́ ọ nínú bọ́ọ̀sì títí dé ilé láìsí nẹ́tíwọọ̀kì. Ṣùgbọ́n tí o bá sọ̀kalẹ̀ ní Ọbajana, jọ̀ọ́, yọ ọ́ kúrò létí. O mọ bí àwọn tirela símẹ́ǹtì ṣe ń sáré.

Ohùn wọn kò dọ́gba. Ẹlòmíràn ń kánjú, ẹlòmíràn ń fà á bí ẹni tí oorun ń kùn. Àwọn ìwé kan wà tí ó ju ẹnì kan lọ tó kà á. Tí ti àkọ́kọ́ kò bá wọ̀ ọ́ létí, gbọ́ ti èkejì kí o tó ní ìwé náà kò dùn. Fi sí ìgbà aṣọ fífọ̀ àti ẹ̀gúsí bíbó, kì í ṣe ìgbà tí o ń múra ìdánwò.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé ẹni tó fetí gbọ́ ìwé kò kà á. Má bá wọn jiyàn. Kí ìwé tó dé ilẹ̀ Owé wa ní Kàbà níbí, etí ni gbogbo ìtàn wa gbà wọlé.

Mo sọ fún Ìyá àgbà pé àwọn èèyàn kan ń kàwé fún ẹni tí wọn kò rí rí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní ṣé fóònù lè gba àlọ́ náà, bí wọ́n ṣe ń pa á ní Owé gan-an. Tí o bá wálé, wá bá wọn gbà á sílẹ̀. Wọ́n ti ń ka èyí tí wọ́n máa pa lórí ìka, ó ti di mẹ́jọ.

Ìyá rẹ.