Ìdí Tí Àwọn Èèyàn Wa Fi Panu Mọ́: Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Aláṣẹ Ìpínlẹ̀ Òǹdó

Sí Gómìnà, Kọmíṣánnà Ọlọ́pàá àti ẹ̀yin aṣòfin wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Àwa ọmọ Àkúrẹ́ tí a wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la kọ̀wé yìí.

Orí WhatsApp la ti ń gbúròó ilé. Tẹ́lẹ̀, bí epo bá gbówó lórí, gúrúùpù wa á gbóná janjan. Ní báyìí, ẹ kú ọjọ́ ìbí àti aṣọ ẹbí nìkan ló kù. Ádímìn ti kìlọ̀ pé òun ò fẹ́ òṣèlú. Obìnrin kan tó ń tajà nítòsí Ọjà Ọba gbé fọ́tò gọ́tà tó dí níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sórí Facebook. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹnìkan ti pe ọkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba, pé kó bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó yọ fọ́tò náà kúrò. Gọ́tà ṣì dí.

Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ìlú ti sú àwọn ọ̀dọ́. A ò gbà. Ẹ̀rù ń bà wọ́n ni. Abala 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 la ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ tàbí owó ìtanràn tí kò ju mílíọ̀nù 7 náírà lọ, tàbí méjèèjì, kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá pè ní irọ́ tó ń bíni nínú. Ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ lọ́dún 2020 pé abala náà tẹ ẹ̀tọ́ aráàlú láti sọ̀rọ̀ lójú mọ́lẹ̀. Wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2024, síbẹ̀ ẹ̀rù náà ò kúrò lọ́kàn èèyàn. Àṣé abala 39 ìwé òfin 1999, tó fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò ọkàn wa, ṣì wà níbẹ̀!

Àwa tí a wà lókè òkun gan-an ti ń fà sẹ́yìn. Bí a bá kọ nǹkan, ìyá wa ló máa ń pè lóru: “Ẹ̀yin ẹ wà lọ́hùn-ún, àwa la wà nílé o.” Kí lèèyàn fẹ́ fèsì? Ká má tilẹ̀ sọ ti àwọn ọmọ tí wọ́n ń fún ní owó dátà kí wọ́n máa bú ìyá oníyàá.

Ẹ bá wa sọ fún àwọn ọlọ́pàá pé ìbínú olóṣèlú kì í ṣe ẹ̀sùn ọ̀daràn. Ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́, kó gba kóòtù lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi iṣẹ́ ọkọ halẹ̀ mọ́ ìyàwó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Yorùbá fèsì lórí rédíò, torí àwọn tọ́rọ̀ kàn jù ò ní lè bi yín léèrè fúnra wọn.

Àwa ọmọ yín lókè òkun.